Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n kúrò nílẹ̀ òkèèrè tí mo ti wá kàwé: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa dágbére fáwọn ọ̀rẹ́ mi?

Ọmọ Ìrìnàjò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Sáà kan ṣoṣo ni ilé ìwé mi ní kí n wá lò nílẹ̀ òkèèrè, oṣù márùn-ún, ó sì ti tán tán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí n wọkọ̀ òfurufú padà. Ìdánwò kan ṣì wà nílẹ̀, ọ̀túnla ni. Yàrá mi dà bí ibi tí ìjì ti jà. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn gan-an ló gbé mi wá síbí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò mọ ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwa mẹ́rin kan ríra nínú yàrá ìfọṣọ ilé tá à ń gbé, torí pé nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fà, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo wa sì gbé aṣọ ìdọ̀tí dání, à ń wo ara wa. Èmi, ọmọ Brazil kan, ọmọ Japan kan, ọmọ Jámánì kan. Ọmọ Japan ló ní ká kúkú da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan yẹn. Látọjọ́ náà, gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè la jọ ń fọṣọ. A jọ ń kàwé, a jọ ń rìn, a jọ ń ṣi èdè sọ, èdè tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní báyìí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo wa máa túká. Ọmọ Japan ló máa kọ́kọ́ lọ, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí.

Ohun tó wá sú mi ni pé ọmọ Brazil yìí, òun la sì mọwọ́ ara wa jù, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún mi. Mo pè é, kò gbé e. Níjẹta, ó gbaná jẹ torí pé mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Òun tí kì í tètè débì kankan látọjọ́ tá a ti mọra.

Mo tún ti kọ ibi mẹ́rìnlá sílẹ̀ tí mi ò tíì dé nílùú yìí, àwọn ilé ìtàn tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, afárá kan, àtàwọn míì, mo fẹ́ rí gbogbo ẹ̀. Mo sì fẹ́ ṣe àpèjẹ ìdágbére lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbabẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Bàbá Ìwé

Àbúrò, kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná. Nínú ibi mẹ́rìnlá yẹn, mú méjì, kó o fa igi lé méjìlá tó kù lórí. Wọn ò ní hú wọn nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ.

Ohun tó máa pòórá lẹ́yìn rẹ ni òǹtẹ̀. Ìwé èyíkéyìí tó bá nílò kí ẹnì kan buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ nǹkan lé e lórí, nígbà tó o ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé iwájú tábìlì onítọ̀hún ni kó o gbà á. Tó o bá ti délé, ìméèlì lásán lo jẹ́ sí wọn, ìméèlì ò sì lójú tí wọ́n máa wò tí àánú á ṣe wọ́n.

Ojú mi ló rí i. Ìwé tó fi hàn pé lóòótọ́ ni mo lo sáà náà pé, tí wọ́n kọ ọjọ́ tí mo dé àti ọjọ́ tí mo kúrò sí, akọ̀wé tó ń fúnni ti gba ìsinmi lọ nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní kò burú, wọ́n á fi ránṣẹ́. Oṣù mẹ́rin! Ilé ìwé mi ò sì gba máàkì mi wọlé títí ìwé náà fi dé. Bí ìforúkọsílẹ̀ sáà tó tẹ̀ lé e ṣe kọjá lórí mi nìyẹn, mò ń wò ó. Torí náà, lọ síbẹ̀ lónìí, kó o béèrè ọjọ́ tí ẹni tó ń buwọ́ lùwé fẹ́ gba ìsinmi. Òpin sáà nìyí, gbogbo wọn ló ń lọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, wádìí ẹni tó máa fi transcript rẹ, ìyẹn ìwé tó kó gbogbo máàkì rẹ jọ, ránṣẹ́ àti ìgbà tó máa fi í ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ Erasmus, ètò tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ kàwé nílẹ̀ òkèèrè, lo bá wá, ìwé àdéhùn tó o buwọ́ lù ti sọ ọ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí èsì bá jáde ni, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rán wọn létí. Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé wá ni àlàyé kíkún nípa kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: iye wákàtí, àkòrí tí wọ́n kọ́, ìwé tí wọ́n lò. Olùkọ́ tó máa fi kọ́ọ̀sì rẹ wé tiẹ̀ nílé ò ní gba orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan lọ́wọ́ rẹ. Wà á sílẹ̀ báyìí tí ojú òpó ilé ìwé ṣì ń ṣí fún ẹ.

Tí wọ́n bá sì ní ìwé kan nílò apostille, ìyẹn òǹtẹ̀ tí àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Hague lọ́dún 1961 dá sílẹ̀ kí ìwé orílẹ̀-èdè kan lè jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà ní òmíràn, rántí pé orílẹ̀-èdè tó fúnni níwèé nìkan ló ń lù ú. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ lù ú nílé. Kọ́kọ́ wò ó bóyá orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nínú àdéhùn náà o.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, mo fi sílẹ̀ fáwọn tó gbọ́n jù mí lọ níbẹ̀.

Kò-sí-wàhálà

Bàbá Ìwé àti òǹtẹ̀! Ọjọ́ tí bàbá yìí bá máa lọ sọ́run, wọ́n á ti lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà ẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n kò purọ́ o, àbúrò. Lọ lónìí.

Abẹ́rẹ́-ò-sọnù

Jẹ́ kí n bá ẹ sọ ti ọmọ Brazil yẹn, torí mo ti wà níbi tí ìwọ wà, mo sì ti wà níbi tí òun náà wà.

Èmi àti ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ra ìkòkò kan nígbà tá a dé. A dáwó ẹ̀ ni, ìdajì ìdajì. Odidi ọdún kan la fi se gbogbo nǹkan nínú ẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká lọ, ìjà dé lórí ẹni tó máa gbé e. Kì í ṣe ìkòkò tó níye lórí o. Etí kan ti yọ lára ẹ̀, ìdí ẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ṣùgbọ́n a jà débi pé a ò kí ara wa láàárọ̀. Mo sùn, mo kọjú sógiri. Òun náà kọjú sógiri tiẹ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́ta tó kù fún wa, méjì la fi ṣòfò báyẹn.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo kúkú sìn ín dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Rélùwéè ti fẹ́ gbéra, ó kàn ṣí báàgì, ó yọ ìdérí ìkòkò, ó tì í bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bọ́ sínú ọkọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Òun gbé ìkòkò, èmi gbé ìdérí. Ọdún méje rèé. Ìdérí yẹn ò bá ìkòkò kankan mu nílé mi, mo sì ti kó ilé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìkòkò kọ́ là ń jà lé lórí. Ó rọrùn láti fi ẹni tó ń bí ẹ nínú sílẹ̀ ju ẹni tó o fẹ́ràn lọ, ni ọkàn bá ń wá ìjà kiri. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó o fi pẹ́ yẹn, ìkòkò tiyín nìyẹn.

Torí náà, má bi í pé kí ló ń bí i nínú. Ó máa ní kò sí nǹkan kan. Má sì kọ lẹ́tà gígùn sí i lórí WhatsApp, yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sì ní fèsì. Fún un níṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Ní kó wá bá ẹ ká aṣọ. Ọ̀rọ̀ tó ṣòroó sọ lójúkojú máa ń rọrùn nígbà tí ojú ẹ̀yin méjèèjì bá wà lára aṣọ tẹ́ ẹ̀ ń ká. Kí ìwọ kọ́kọ́ sọ tìẹ, kó má ju gbólóhùn kan lọ: ó ń dùn mí pé a máa túká. Lẹ́yìn náà, kó o dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù níbẹ̀.

Ẹnu-ò-mọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa, mo gbọ́ yín o, ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn sì wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má sọ gbogbo nǹkan di ọ̀rọ̀ ọkàn. Ó lè jẹ́ pé ó kàn rẹ ọmọ ọlọ́mọ ni, ìdánwò ń bẹ nílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé owó ló tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tówó bá tán lọ́wọ́ ẹ̀ lópin sáà máa ń sá fáwọn tó ń pè é jáde, kò sì ní sọ. Tó o bá máa pè é, pè é síbi tí wọn kì í ti í náwó.

Abẹ́rẹ́-ò-sọnù

Òótọ́ nìyẹn náà. Mi ò rò ó débẹ̀.

Olùwádìí

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Jeffrey Hall, olùwádìí kan ní Yunifásítì Kansas, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018 lórí iye wákàtí tó ń gba àwọn tí ò mọra rí kí wọ́n tó dọ̀rẹ́. Nǹkan bíi wákàtí 50 ni ojúlùmọ̀ fi ń di ọ̀rẹ́ ṣákálá, nǹkan bíi 90 kó tó di ọ̀rẹ́ gidi, ó sì ń lé ní 200 kó tó di kòríkòsùn. Ẹ ṣírò ó wò. Tí àwọn mẹ́rin yìí bá ń lo wákàtí mẹ́ta pọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ 67 ti tó kí wọ́n kọjá 200, bẹ́ẹ̀ oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wà pọ̀. Nílé, ẹni tá à ń rí fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀ máa lò tó ọdún méjì kó tó débẹ̀. Torí náà, àbúrò, tẹ́nì kan bá sọ fún ẹ pé kí lẹ rí nínú oṣù márùn-ún péré, kò ṣírò ni.

Nípa bó ṣe yẹ kí ọjọ́ tó kẹ́yìn rí, ìwádìí kan tún wà tí Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 1993. Wọ́n ní káwọn èèyàn ki ọwọ́ bọ omi tó tutù nini fún 60 ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kí wọ́n ṣe 60 yẹn, kí wọ́n tún fi 30 kún un, àmọ́ omi náà á ti lọ́ díẹ̀ nínú 30 tó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tí wọ́n máa tún ṣe, èyí tó gùn jù ni ọ̀pọ̀ wọn mú! Bí nǹkan ṣe parí ló ń kù síni lọ́kàn. Má fi ìjà pa á dé.

Kò-sí-wàhálà

Ọ̀gá, ẹni tó ń relé la ní kẹ́ ẹ gbà nímọ̀ràn, ẹ ti ki ọwọ́ ẹ̀ bọ omi tútù.

Arìnrìn Tẹ́lẹ̀

Gbogbo yín lẹ fo ohun kan kọjá. Ẹ tún ìbéèrè ẹ̀ kà. Ó ní òun fẹ́ ṣe àpèjẹ lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tóun máa lọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ó tún ní Mọ́ńdè ni ọmọ Japan máa lọ. Ṣé ẹ rí i? Lálẹ́ àpèjẹ yẹn, wọn ò ní pé mẹ́rin mọ́.

Àbúrò, ọjọ́ tí ìwọ ń lọ kọ́ ni ìparí ìrìn yín. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá lọ ni. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní àwa mẹ́rin, Sọ́ńdè yìí ló máa parí. Gbogbo ohun tó o bá fẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yín jọ ṣe, kà á sí pé ọjọ́ mẹ́rin lo ní, kì í ṣe mẹ́sàn-án, ìdánwò rẹ sì ti gba méjì nínú ẹ̀. Kí àwọn òǹtẹ̀ Bàbá Ìwé gba àárọ̀ ọ̀la, kó o fi alẹ́ ọ̀la kàwé, kó o ṣe ìdánwò, kó o wá fi Sátidé àti Sọ́ńdè sílẹ̀ fún wọn. Ilé ìtàn àti afárá tó o kọ sílẹ̀, Túsìdè sí Tọ́sìdè wà fún wọn, nígbà tó o máa nílò ohun tí wàá máa fẹsẹ̀ rìn dé.

Ti àpèjẹ yẹn ńkọ́? Mo ṣe irú ẹ̀ rí. Èèyàn bí ọgbọ̀n wá. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà, mò ń ṣílẹ̀kùn, mò ń gba báàgì, mò ń dì mọ́ ẹni tí mi ò rántí orúkọ ẹ̀ dáadáa. Àwọn mẹ́ta tí mo tìtorí wọn ṣe é, mi ò bá wọn sọ tó gbólóhùn márùn-ún. Nígbà tí ilé máa dá, ọ̀kan ti sùn lọ lórí àga, àwọn méjì tó kù ń bá mi fọ ife.

Àwọn ojúlùmọ̀, lọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Jọ̀ọ́, má gbàgbé àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé yín, ẹni tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé tó máa ń ṣe bí ẹni tí ò rí ẹ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n tilẹ̀kùn. Sáà dé, sáà lọ, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kì í dágbére fún.

Ọmọ Ìrìnàjò

Sọ́ńdè yìí! Ẹ̀gbọ́n, àyà mi já. Gbogbo àkókò yìí, ọjọ́ tèmi nìkan ni mò ń kà. Mò ń lọ sí ọ́fíìsì wọn báyìí.

Ẹrù-ò-wúwo

Ti ẹrù, kíákíá, kó o tó lọ. Wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dáadáa. Kìlógíráàmù 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún àpótí kan lọ́wọ́ ẹni tó ra ìjókòó tí ò wọ́n. Tí àpótí kan bá sì kọjá 32, ọ̀pọ̀ ni ò ní gbà á bó o tilẹ̀ fẹ́ sanwó, àfi kó o pín in sí méjì. Yá òṣùwọ̀n, má fojú wọ̀n ọ́n. Ìwé ló ń wúwo: ya fọ́tò àwọn ojú ewé tó o kọ nǹkan sí, kó o fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ ní sáà tó kàn. Power bank ò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ ni wàá fi gbé e wọlé. Èyí tí ò bá ju 100 Wh lọ lo lè gbé láìtọrọ ààyè, Wh ni wọ́n fi ń díwọ̀n iná tó lè gbà sínú. Alágbára 20,000 mAh tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò kò ju nǹkan bíi 74 Wh lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kó o tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ya fídíò yàrá náà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣí omi kó máa ṣàn nínú fídíò. Onílé tí mo gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ní mo dá ihò sí ògiri, ó sì fẹ́ mú gbogbo owó tí mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí mo gba yàrá. Fídíò ló gbà mí. Má sì ti àkáùǹtì báńkì ibẹ̀ pa títí owó yẹn á fi wọlé, mo mọ ẹni tó kánjú tì í.

Kò-sí-wàhálà

Kí n fi ti fóònù kún un. Nọ́ńbà tó ò ń lò níbẹ̀ máa kú, wọ́n á sì tún un tà fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan. Ohunkóhun tó bá ń fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀, báńkì o, ìméèlì o, yí i padà kó o tó yọ síìmù. WhatsApp ní ibi tí wọ́n ti ń yí nọ́ńbà padà nínú sẹ́tìn-ìn rẹ̀. Tó o bá gba ibẹ̀ lọ, àwọn gúrúùpù rẹ á tẹ̀ lé ẹ. Ìméèlì ilé ìwé náà, bó pẹ́ bó yá wọ́n máa tì í pa. Tí fọ́tò yín bá wà níbẹ̀, kó wọn jáde.

Olùwádìí

Mo ti padà dé, láìgbé omi tútù dání. Ti bẹ́ ẹ ṣe máa máa pera yín: wákàtí 12 géérégé ló wà láàárín Brasília àti Tokyo, ìyẹn rọrùn púpọ̀. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ní Brasília, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni ní Tokyo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ará Jámánì, agogo kan ọ̀sán nìyẹn lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Jámánì máa ń dá agogo padà ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, á wá di agogo méjìlá ọ̀sán. Japan kì í yí agogo, Brazil náà sì ti pa á tì láti ọdún 2019. Torí náà, agogo Tokyo ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpó, kí ẹni tí agogo ẹ̀ ń yí máa wá bá a. Ọ̀pọ̀ gúrúùpù ló tú ká nítorí pé ẹnì kan wọlé tí kò bá ẹnikẹ́ni, ó rò pé wọ́n ti pa òun tì.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Má ṣèlérí ojoojúmọ́.

Abẹ́rẹ́-ò-sọnù

Láàárín oṣù sóṣù, ẹ máa fi ohun kékeré ránṣẹ́ tí ò nílò èsì. Fọ́tò bàtà tó já. Ohùn òjò. Ẹni tó bá jẹ èèyàn ní èsì méjì, bó bá di mẹ́ta, ojú á máa tì í, ó lè má wọlé mọ́.

Àti fọ́tò, nígbà tá a ti débẹ̀: iwájú ilé ìtàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónírúurú. Àga tó o máa ń jókòó lé nílé ìkàwé ni ò sí. Ya ìyẹn. Gba ohùn ẹ̀rọ ìfọṣọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Ìrìnàjò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo wá jábọ̀. Òní ni Sátidé. Ìdánwò ti lọ. Bàbá Ìwé, ẹ ṣeun púpọ̀, àgbà yín á dalẹ́: obìnrin tó ń buwọ́ lùwé ń lọ fún ìsinmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó buwọ́ lù ú lójú mi.

Mo ní kí ọmọ Brazil wá bá mi ká aṣọ lálẹ́ àná. Ó dé lásìkò. Ó tiẹ̀ fi ìṣẹ́jú márùn-ún yá, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. A ká aṣọ fún bí ìdajì wákàtí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo wá sọ tèmi, gbólóhùn kan, mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, ẹ ò purọ́, dídákẹ́ yẹn le. Ṣẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ká a tán, ó tú u, ó tún un ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wá ní láti oṣù tó kọjá lòun ti ń ka iye ìgbà tó kù tá a máa fọṣọ pọ̀. Nígbà tó ku mẹ́ta ni kò wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, torí ó rò pé tóun ò bá wá, mẹ́ta á ṣì wà ní mẹ́ta. Àwa ti fọ tiwa láìsí i, ó di méjì. Ìyẹn ló ń bí i nínú sí mi látìgbà náà.

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹnu-ò-mọ̀, ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀ o! Kò lówó tó máa fi bá wa jáde láti ọ̀sẹ̀ méjì, ojú sì ń tì í. A ò jáde mọ́. Yàrá ìfọṣọ la máa wà lọ́la, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹnu-ò-mọ̀

Mo wí! Mo wí!

Arìnrìn Tẹ́lẹ̀

Ìyẹn dáa. Ohun kan péré fún ìgbà tó o bá délé, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Wọ́n á bi ẹ́ pé báwo ni ibẹ̀, èsì gbólóhùn kan ni wọ́n sì ń retí. Wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ti yàrá ìfọṣọ, ojú wọn á ti wà lára fóònù. Kò túmọ̀ sí pé wọn ò fẹ́ràn ẹ. Ṣètò gbólóhùn kan yẹn sílẹ̀, kó o wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa gbọ́ ìyókù.

Olùwádìí

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lákọsílẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1955, Sverre Lysgaard, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ̀wé nípa àwọn ará Norway tó lọ sí Amẹ́ríkà lábẹ́ Fulbright, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà: inú wọn dùn nígbà tí wọ́n dé, ó wá rẹ̀wẹ̀sì láàárín, ó sì tún gbérí. Lọ́dún 1963, tọkọtaya Gullahorn, táwọn náà jẹ́ olùwádìí, fi kún un pé tí onítọ̀hún bá padà sílé, irú ẹ̀ á tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Torí náà, tó o bá délé tí ilé wá ń ṣe ẹ́ bí ilé onílé fún oṣù mélòó kan, kì í ṣe ohun tuntun ló ń ṣe ẹ́.

Ọmọ Ìrìnàjò

Pápákọ̀ òfurufú ni mo ti ń kọ èyí. Àpótí mi jẹ́ 22.7, Ẹrù-ò-wúwo, ẹ kú iṣẹ́ o. Kóòtù méjì ni mo wọ̀, mò ń làágùn.

Nígbà tá a dé yàrá ìfọṣọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe! Oṣù márùn-ún la fi tò sẹ́yìn ẹyọ kan, ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n wá tún un ṣe. A wo ara wa. Ọmọ Jámánì kò sọ̀rọ̀, ó kàn da aṣọ tiẹ̀ sínú ẹyọ tá a mọ̀, àwa yòókù da tiwa lé e. Mo gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 40. Ọmọ Japan gbé aṣọ ẹ̀ lọ ní tútù torí kò sáyè kó gbẹ.

Mo ti dé ilé ìtàn kan. Mo ti dé orí afárá yẹn. Kò burú.

Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tí mò ń yọ ìwé ìrìnnà lápò báàgì mi níbí, ìbọ̀sẹ̀ kan jáde, ẹyọ kan, aláwọ̀ ewé, kì í ṣe tèmi. Ti ọmọ Japan ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹnì kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun kékeré báyìí ránṣẹ́ sí Japan?

Kò-sí-wàhálà

Inú àpòòwé lásán ló máa wọ̀. Lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó o bá délé.

Abẹ́rẹ́-ò-sọnù

Má fi ránṣẹ́.